Ànàmọ́ Tí Yóò Dá Màmá Àgbà Dúró

Sátidé, 3 Oṣù Kẹjọ

Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìdájí. Mo ya ìwé yìí sọ́tọ̀ nítorí pé ayé mi fẹ́ dojú dé, ó sì yẹ kí ẹnìkan kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Ìdí oúnjẹ àárọ̀ la wà tí Màmá Àgbà fi ní àwọn ń padà sí Ìgbàjọ tí ọdún Kérésì bá ti kọjá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú létí kànga lọ́hùn-ún, tí Dádì sì lọ gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀, orin kan náà ni wọ́n ń kọ.

Dádì ní, "Màámi, ta ni ẹ máa bá gbé níbẹ̀?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn, Níyìọlá? Ṣebí Pamílẹ́rìn wà."

Gbogbo ilé yíjú sí mi. Èmi ni Pamílẹ́rìn. Mo gbé búrẹ́dì mi sílẹ̀.

Èmi, ní Ìgbàjọ! Èmi tí mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀ láti Máàlù Róòdù dé Olódì! Níbi tí wọ́n ní gbogbo ìlú ti ń sùn ní aago méje alẹ́, títí kan ẹ̀fọn!

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò lè dúró síbí?"

"Ilẹ̀ yín ti kú," ni wọ́n wí. "Yanrìn tí wọ́n fà jáde nínú ọ̀sà lẹ kọ́lé lé. Láti ìgbà tí mo ti dé, n kò tíì rí ohun tó ta gbòǹgbò níbí àfi òpó iná. Èmi ò lè jókòó síbi tí nǹkan kì í hù."

"Ó lè hù!"

"Kí ló lè hù?"

"Ànàmọ́." N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó dà bíi pé ẹlòmíì ló yá ẹnu mi lò.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. "Ó dáa. Bí ìwọ fúnra rẹ bá gbin ànàmọ́ sẹ́yìn ilé yìí, tó ta, tí mo fi ọwọ́ ara mi wà á, n kò lọ mọ́. Bí kò bá ta, kí o máa di ẹrù rẹ."

Dádì fò dìde bí ẹni tí iná mànàmáná gbé. "Mo gbọ́ o, Màámi! Etí mi méjèèjì ló gbọ́!" Ẹ ó rò pé àwọn ni wọ́n fẹ́ gbé lọ.

Sátidé, 10 Oṣù Kẹjọ

A ti gbìn ín.

Ebikabowei, tí à ń pè ní Ebi, tí ilé wọn kọjú sí tiwa ló bá bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Snake Island, ó sì gé okùn ànàmọ́ wá níbẹ̀, irú èyí tí èèpo rẹ̀ máa ń funfun. Ṣùgbọ́n ọmọ Ajégúnlẹ̀ kì í ṣoore lásán. Ó ní ìdajì ilẹ̀ náà di tòun.

"Half-half, Pàmí. No be charity I dey do."

A kọ ebè, tèmi lápá ọ̀tún, tirẹ̀ lápá òsì. Yanrìn náà funfun, ó gbẹ, ó ń yọ́ bọ́ láàárín ìka bíi gààrí tí kò rí omi. Ebi lọ gbé báàgì ìgbẹ́ adìyẹ wá lọ́dọ̀ Màmá Olúchí tó ń sin adìyẹ ní Olódì, ó dà á pọ̀ mọ́ eérú láti ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń yan ẹja, ó sì fi ọwọ́ lásán pò ó mọ́ yanrìn. Òórùn náà! Mo lérò pé ọkọ̀ òkun tó ń bọ̀ ní èbúté Tin Can yí orí padà.

Mo ní, "Ebi, ṣé ànàmọ́ lo fẹ́ gbìn àbí o fẹ́ lé wa kúrò ládùúgbò?"

Ó ní, "Laugh. You go see."

Màmá Àgbà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ojú wọn lọ jìnnà. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, yanrìn náà di àwọ̀ oyin, ó wá dà bíi pé etí òkun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí ni a gbin nǹkan sí.

Fúráìdè, 16 Oṣù Kẹjọ

Ọlọ́run ti gbọ́ tèmi!

Tírélà kan tó ń kó ajílẹ̀ yúríà bọ̀ láti èbúté já sínú kòtò ní Máàlù Róòdù lónìí, àpò méjì bẹ́. Nǹkan funfun tú jáde, róbótó róbótó, ó ń dán nínú oòrùn bíi pé òṣùpá ló fọ́ sílẹ̀. Kí dẹ́rẹ́bà tó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ọmọ àdúgbò ti dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Wọ́n lè sọ pé kì í ṣe èmi, irọ́ ni.

Mọ́tò bọ́ọ̀yì pariwo, "Wetin una dey pack for there?"

"Na salt! My grandmama wan cook soup!"

"Carry go. Na you go chop am."

Garawa kan tó kún ni mo gbé délé. Ebi wò ó, ó mi orí. Ìlara ni.

Sátidé, 17 Oṣù Kẹjọ

Mo bu ẹ̀kún ọwọ́ yúríà kan sí ìdí okùn mi kọ̀ọ̀kan. Mo tún wá fi ẹ̀kún ọwọ́ kan kún un, torí pé nǹkan ọ̀fẹ́ ni.

Mọ́ńdè, 19 Oṣù Kẹjọ

Okùn díẹ̀ jó, ewé wọn dà bíi bébà tí iná rà. Mo fa àwọn yẹn tu, mo jù wọ́n sínú kànáà tó ń gbé omi ìdọ̀tí kọjá lẹ́yìn ilé kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Sátidé, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ wá wo ewé! Ẹ wá wo ewé o!

Àwọn tí kò jó ti gba gbogbo ilẹ̀. Wọ́n gun ògiri. Wọ́n gba ara okùn tí Mọ́mì ń sá aṣọ sí, ọ̀kan ti rá wọ inú ilé ìwẹ̀, ó ń wo ẹni tó ń wẹ̀. Wọ́n tutù yọ̀yọ̀, wọ́n fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ òmìrán. Ti Ebi kàn wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Sọ́ńdè.

Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó. Dádì, díákónì tí kì í gbóríyìn fún ẹnikẹ́ni, dúró níwájú ebè mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, o ṣe é." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kọjá òrùlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá Àgbà gbé àpótí wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ sáàárín ewé náà. Wọ́n jókòó, ewé bo ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn láti ojú omi ń fẹ́ ẹ, gbogbo rẹ̀ ń ru bí omi òkun tútù tí kò ní ariwo. Wọ́n di ojú. Mo rí i tí ètè wọn ń mì, bí ẹni tó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Tọ́sìdé, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Gààrí tún ti wọ́n. Iná kò sí. Ewé ń pọ̀ sí i.

Tọ́sìdé, 19 Oṣù Kẹsàn-án

A ti padà sí ilé ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Linus tó ń kọ́ wa níṣẹ́ àgbẹ̀ kọ́ wa nípa ajílẹ̀ lónìí. Mo sùn díẹ̀. Nínú oorun, mo rí ara mi lórí ànàmọ́ kan tó tóbi tó kọ̀ǹténà, kíréènì sì ń gbé wa sókè díẹ̀díẹ̀, Àpápá kéré nísàlẹ̀ bí ìsáná tó dà sílẹ̀. Chalk bà mí lórí. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Sátidé, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò rọ̀ ní àná bíi pé ẹ̀sùn ló ń fi kàn wá. Omi kànáà wọ ẹ̀yìn ilé, ó dé kókósẹ̀. Nígbà tó fà, mo rí i pé ewé mi ti ń pọ́n díẹ̀. Òjò ti fọ yúríà lọ. Mo tún bu òmíràn sí i. Ti Ebi kò yí padà rárá. Ìgbẹ́ yẹn ti di mọ́ yanrìn rẹ̀ bíi pé wọ́n lẹ̀ ẹ́.

Sátidé, 5 Oṣù Kẹwàá

Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí Màmá Àgbà. Láràárọ̀ báyìí, wọ́n ti wà láàárín ewé kí n tó jí. Wọ́n ń já èyí tó gbẹ, wọ́n ń yí okùn tó ṣìnà padà. Ìkùukùu máa ń bọ̀ láti ojú omi ní àsìkò yẹn, n kì í sì í rí nǹkan kan ju gèlè wọn lọ, tó ń rìn lójú ewé bí ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ òkun fọn fèrè ní Àpápá lónìí, ó dún gígùn, wọ́n gbé orí sókè.

"Kí ló ń ké bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà?"

"Ọkọ̀ ni, mà. Ó fẹ́ wọlé."

"Ó ti dé, ó tún ń bẹ̀bẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Pamílẹ́rìn, bí èyí bá ta lóòótọ́, n kò mọ ohun tí n ó ṣe."

Ó wá yé mi pé kì í ṣe èmi nìkan ni n kò fẹ́ lọ. Mo kàn jókòó tì wọ́n. Ilẹ̀ tutù.

Sátidé, 19 Oṣù Kẹwàá

Mo ti rí nǹkan tí kò yẹ kí n rí.

Ìwádìí ni mo ní kí n ṣe. Màmá Àgbà wà ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi ọwọ́ wú ìdí okùn kan tó gbó jù. Yanrìn. Mo wú u lọ sísàlẹ̀. Yanrìn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí òkun kí n tó kan gbòǹgbò tín-ín-rín kan, gígùn, pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ìrù èkúté. Mo wú ìkejì, mo wú ìkẹta. Ìrù èkúté ni gbogbo wọn!

Ebi jókòó sórí ògiri. Mo ní tí ó bá rẹ́rìn-ín, màá pa á. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ wú tirẹ̀ díẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ó ti ń wú, ó funfun, ó sanra bí àtàǹpàkò Dádì. Ó yára bò ó padà bí ẹni tó ń bo ọmọ tó ń sùn.

"Pàmí, ṣé ewé la máa jẹ ni?" Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mọ́ńdè, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo dúró de Ọ̀gbẹ́ni Linus lẹ́yìn kíláàsì. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ mi kan ló ṣẹlẹ̀ sí.

Wọ́n ní, "Yúríà, ewé ló ń bọ́. Ṣé o mọ̀ pé inú ìdí ni ànàmọ́ ń kó oúnjẹ pamọ́ sí? Ẹni tó ń rí oúnjẹ dọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kí ló fẹ́ tọ́jú pamọ́ fún?"

"Ìgbẹ́ adìyẹ ńkọ́, sà?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹn ń tú oúnjẹ sílẹ̀, oríṣiríṣi. Ó sì ń di yanrìn mú kí òjò má gbé e lọ. Bí eérú bá wà níbẹ̀, ìyẹn ló ní pọ́táàṣì, òun ló ń mú kí ìdí wú. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó lọ bu eérú sí i, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù."

Mo ní màá jíṣẹ́.

Wọ́n tún pè mí padà. "Pamílẹ́rìn, mo sọ gbogbo èyí ní ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ ń han-anrun."

Sátidé, 26 Oṣù Kẹwàá

Mo bẹ ìyá Ebi, mo kó eérú. Mo wọ́n ọn. Ewé mi kàn ń dán, wọn kò ka ẹnikẹ́ni sí. N kò bu yúríà mọ́. Mo gbé èyí tó kù fún ọkùnrin tó ń tún ọgbà òdòdó ṣe ní ilé epo.

Sọ́ńdè, 10 Oṣù Kọkànlá

Òjò ti dáwọ́ dúró. Màmá Àgbà kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín àwọn ìyá, pé Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, ni àwọn ó wa ànàmọ́ ọmọ ọmọ àwọn. Àwọn ìyá ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó.

Lálẹ́, mo lá àlá pé mo ń wú ilẹ̀, mo sì kan òrùlé. Mo wò ó nísàlẹ̀, ìlú kan ló wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ń sùn. Ìgbàjọ ni.

Fúráìdè, 22 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀la ni.

Mo ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni tó ní ọpọlọ yóò ṣe. Mo lọ ọjà Bọ́ńdárì lẹ́yìn ilé ìwé, mo ṣa ànàmọ́ funfun tó dán, mo rí i dájú pé àwọ̀ wọn bá ti Ebi mu. Nígbà tí Màmá Àgbà sùn lọ́sàn-án, mo rì wọ́n sínú ebè mi, mo fi okùn bò wọ́n, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ojú ẹsẹ̀ mi kó pa rẹ́. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Áńgẹ́lì pàápàá kò lè mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ló yà mí lẹ́nu. Ilẹ̀ ebè àárín nínú tèmi ti rọ̀ kí n tó débẹ̀. Ó ní láti jẹ́ òkété.

Sátidé, 23 Oṣù Kọkànlá

Mo ń kọ èyí pẹ̀lú ìhà tó ń dùn mí.

Ọyẹ́ ti ń gbìyànjú, ojú ọjọ́ funfun bí àlà. Ìdajì àdúgbò ló pé sẹ́yìn ilé wa. Màmá Àgbà ró aṣọ mọ́ àyà, wọ́n kúnlẹ̀ sórí àpò, wọ́n ní ti Ebi làwọn ó kọ́kọ́ wà. Wọ́n fi ọkọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó jáde: mẹ́rin lórí okùn kan, ó rọ́ mọ́ ara wọn bí àwọn ọmọ ajá. Gbogbo ènìyàn hó. Ebi ń jó, ìyá rẹ̀ ń jó.

Wọ́n wá yí sí tèmi. Mo mú ojú mi dúró bí ti ẹni mímọ́. Wọ́n wà á, ànàmọ́ funfun kan yọ. "Héèè!" Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Màmá Àgbà gbé e sókè, wọ́n wo ìdí rẹ̀, wọ́n wo orí rẹ̀. Kò sí okùn lára rẹ̀. Wọ́n sún mọ́ ebè àárín, wọ́n tún wà á.

Ànàmọ́ pupa ló yọ.

Pupa kẹ̀! N kò ra pupa! Wọ́n tún wà á, ọkọ́ kan nǹkan kan tó ń ró fàrà fàrà. Wọ́n fà á jáde. Ọ̀rá dúdú ni, wọ́n so ó lẹ́nu dáadáa, ànàmọ́ pupa kún inú rẹ̀.

Mo wo Mọ́mì, Mọ́mì wò mí. Nígbà náà ni ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn wa. Dádì ni.

Màmá Àgbà gbé ọ̀rá náà sókè. "Níyìọlá."

"Màámi."

"Díákónì."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Àní ìwọ náà kò ráyè tú ọ̀rá?"

"Ìyá Pamílẹ́rìn ló ń pè mí, mo ń kánjú."

Bí ilé ṣe wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín nìyẹn. Ìyá Ebi dùbúlẹ̀ sórí yanrìn. Àlùfáà wa tí wọ́n kàn ń kọjá lọ di ògiri mú. Màmá Àgbà fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn náà mo rí i pé ẹkún ni mo ń sun.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n fa ọ̀kan nínú okùn mi gangan tu, wọ́n na ìrù èkúté náà sókè. "Èyí ni tìẹ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n bu yanrìn ebè mi sọ́wọ́, ó dà nù láàárín ìka wọn. Wọ́n wọ́ lọ sí ti Ebi, wọ́n bu tirẹ̀. Ó dúdú díẹ̀, ó sì dúró sí wọn lọ́wọ́. Ekòló kan ń yí nínú rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n dà á padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n dìde, wọ́n wọlé.

Wọn kò sọ pé àwọn ń lọ. Wọn kò sọ pé àwọn ń dúró.

Túsìdé, 26 Oṣù Kọkànlá

Àpótí aṣọ wọn wà ní ìta, wọ́n ń sá àwọn ìró wọn sóòrùn. Mo kó aṣọ tèmi náà jọ díẹ̀. Dádì kì í gbé orí sókè nídìí oúnjẹ mọ́. Ànàmọ́ ni à ń jẹ láràárọ̀, pupa àti funfun.

Sátidé, 30 Oṣù Kọkànlá

Màmá Àgbà jí mi. "Múra. Mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin aládìyẹ yẹn."

A wọ kẹ̀kẹ́ dé Olódì. Wọ́n ń wo gbogbo nǹkan lọ́nà bíi pé wọ́n ń kà á sínú. Màmá Olúchí ń gbá ilé adìyẹ nígbà tí a dé, eruku funfun ń fò yí wọn ká nínú ìtànṣán oòrùn, adìyẹ ń ké. Màmá Olúchí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, Màmá Àgbà kò sì gbọ́ píjìn rárá, nítorí náà èmi ni mo dúró láàárín.

Màmá Àgbà ní, "Sọ fún un pé ìgbẹ́ tó bá gbá láti òní lọ, kó má dà á nù. Kó kó o jọ sábẹ́ ibòji, kó bò ó, kó jẹrà dáadáa. Tútù rẹ̀ máa ń jó nǹkan. Màá wá kó o tí òjò oṣù kẹta bá bẹ̀rẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ títí mo fi dé "oṣù kẹta". Ohùn mi dúró.

Màmá Olúchí wò wá. "March? But Papa Pamílẹ́rìn tell my husband say Mama dey go village."

"Kí ló wí?" Màmá Àgbà bi mí.

"Wọ́n ní... wọ́n gbọ́ pé ẹ ń lọ sílé, mà."

"Ṣé mo lè gbin nǹkan síbí kí n wà ní Ìgbàjọ? Sọ fún un pé mo wà níbí. Kó má fún ẹlòmíràn."

Mo yíjú sí Màmá Olúchí. Adìyẹ ń fò nínú àyà mi, gbogbo wọn. "She say she no dey go anywhere again. She say if dem carry her, make dem carry Ajégúnlẹ̀ join. She say na here she go dey till Jesus come, and even that day, make Him first wait make she finish weeding."

Màmá Olúchí rẹ́rìn-ín títí ìgbálẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Màmá Àgbà wò mí tìfura-tìfura. "Ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn? Ó gùn ju tèmi lọ."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà," ni mo wí.